Ìyáálé Tó Kọ̀ ní Fọlágbadé

Bí ẹ bá dé Ìbẹfun tí ẹ sì béèrè ilé Frederick Ìgè, ẹni tí ẹ bi léèrè yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó nawọ́ sí ọ̀nà. Ẹ má ṣe fi ibi pè é. Kò sí ẹni tí ó kórìíra Frederick ní ìlú náà. Iṣẹ́ kíka mítà iná mànàmáná ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, láti ojúlé dé ojúlé káàkiri ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé kan tí wọn kò ti bu omi tútù fún un mu. Ẹsẹ̀ ni ó fi rin gbogbo ìrìn náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ tán yìí ni ó ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ṣe láti sáré ju gbogbo ọkọ̀ tí ó wà lágbègbè Òdógbolú lọ.

Ọkọ̀ asáré ni àwọn tí ó ṣe é pè é. A kò lè bá wọn jiyàn, nítorí kò sí ẹni tí ó tíì rí i kí ó rìn pẹ́ tó láti mọ̀. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Harold, tí ó wá bá wọn ṣe títì nígbà tí epo bẹntiróò ṣì ń ṣàn bí omi, ni ó gbé e wọ̀lú. Pupa ni. Ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé táyà ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ẹni tí ó bá jókòó sínú rẹ̀ máa ń bá fojú rinjú. Kò ní òrùlé, àyàfi aṣọ kan tí wọ́n ń fà bò ó nígbà òjò, aṣọ náà sì ti gbó dànù kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ènìyàn méjì péré ni ó ń gbà. Nígbà tí Harold ń padà sí ìlú rẹ̀, Frederick, tí ó ṣì jẹ́ àpọ́n nígbà náà, kó owó tí ó fẹ́ fi ra ilẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba kọ́kọ́rọ́.

Báyìí ni ó fi ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ náà ni Matilda bá nílé nígbà tí ó wọlé ọkọ. Matilda, tí ó ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí títí òun náà fi fẹ̀yìn tì, jẹ́ obìnrin tí ó mọ àṣà. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ìyáálé rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pe ọkọ̀ náà ní Ìyáálé, tí ó sì ń kúnlẹ̀ kí i ní àárọ̀ bí ó bá ń gbálẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ó dìde lónìí, àbí kí a máa gbé oúnjẹ bá yín níbi tí ẹ wà?"

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu Frederick rí. Kò sọ ọ́ rí pé ọkọ̀ òun kọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá dúró ní àárín ọ̀nà, á ní ó ń sinmi. Bí èéfín bá ń rú láti abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, á ní ooru ni ó mú un. Bí ó bá wá di odindi ọ̀sẹ̀ tí kò dún pìn-ín, á ní ó ń ronú.

"Kí ni ó ń rò?" ni Matilda máa ń bi í.

"Ó ń ro ọ̀nà."

Ọlọ́run kò fún wọn ní ọmọ. Bọ́dúnrìn, ọmọ àbúrò Frederick obìnrin tí ó kú nígbà ìbímọ, ni wọ́n gbà tọ́ láti ìkókó, òun ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n ní Bàbá Bọ́dúnrìn àti Ìyá Bọ́dúnrìn. Inú ọkọ̀ tí ń ronú yìí ni ọmọ náà ti ṣeré dàgbà. Á jókòó sídìí sítíárìn nínú ọgbà, á fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì, á sì wa ọkọ̀ náà dé ìlú òyìnbó kí wọ́n tó pè é wá jẹun. Kí á sọ òtítọ́, òun ni ó wà á jìnnà jù nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ kan ni Frederick, nínú ayọ̀, ṣe ìlérí fún un pé ọjọ́ tí ó bá ń gbéyàwó, ọkọ̀ náà ni òun yóò fi gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó dàgbà tí ó sì mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un, kò ní ọkàn láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbàgbé.

Mofẹ́olúwa ni ìyàwó tí ó fẹ́ fẹ́, olùkọ́ ni, ọmọ Micah Fáṣínà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga ni Fáṣínà kí ó tó fẹ̀yìn tì, ènìyàn tí ń to ọ̀rọ̀ bí ẹni ń to bíríkì. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kan wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Ìkẹ́olúwa, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, wọ aṣọ funfun, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó, ó dúró, ó tún jókòó, ọkọ kò dé. Ọkọ náà kò sì tíì dé títí di òní. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìdána, Bàbá Fáṣínà kò béèrè nǹkan púpọ̀.

"Àna mi," ni ó wí fún Frederick, "ohun gbogbo tí ẹ kó wá dára. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín sí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú ìyàwó."

Frederick gbé àyà síwájú. "Ẹ fi ọkàn balẹ̀, sà. Ọkọ̀ èmi fúnra mi ni n ó fi gbé e wá."

Gbogbo àwọn ará Ìbẹfun tí ó wà níbẹ̀ ni ikọ́ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Fáṣínà, tí kò mọ ọkọ̀ náà rí, rò pé afẹ́fẹ́ ni.

Ọjọ́ Sátidé ìgbéyàwó pé. Matilda ti ṣáájú lọ láti bójú tó oúnjẹ ní gbọ̀ngàn tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Frederick pẹ̀lú Bọ́dúnrìn wọ ọkọ̀, Frederick yí kọ́kọ́rọ́, Ìyáálé sì bú jáde bí ẹni pé ó ti ń dúró de ọjọ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gba Òdógbolú kọjá bí ìjì. Bọ́dúnrìn fi ọwọ́ kan di táì mú, ó fi ọwọ́ kejì di ijókòó mú. Àwọn ènìyàn dìde lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń juwọ́. Frederick kò wo ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó rí gbogbo wọn. Ó dàbí ẹni pé gbogbo ẹni tí ó ti rẹ́rìn-ín láti ìgbà Harold ni wọ́n tò sójú ọ̀nà náà láti tọrọ àforíjì.

Wọ́n sì dé Fọlágbadé.

Ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Sátidé kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ asáré ti ń ṣe ayọ̀. Àwọn tí ń lọ síbi ìsìnkú ń bọ̀ láti ọ̀tún, àwọn tí ń lọ síbi ìgbéyàwó ń bọ̀ láti òsì, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń wọ gbogbo àlàfo, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ yà fún ẹnikẹ́ni. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà mú wọn dúró lábẹ́ oòrùn. Ìyáálé, tí ó lè sáré ju ẹyẹ lọ, kò mọ bí a ti ń rákò. Ó gbọ̀n, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó sì dákẹ́ ní àárín títì gan-an.

Fèrè ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ gbé páànù yín kúrò lójú ọ̀nà o!" ni awakọ̀ kan kígbe.

"Páànù kọ́," ni Sàúdátù dáhùn, obìnrin kan tí ń sun bọ̀ọ̀lì létí títì níbẹ̀. "Abọ́ ìfọwọ́ ni. Ẹ ò rí i pé kò lọ́mọrí?"

Frederick sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ìyáàfin, ó ń sinmi ni."

"Ó ń sinmi? Àárín títì ló ti rí bẹ́ẹ̀dì?" Sàúdátù yí bọ̀ọ̀lì rẹ̀ padà. "Bàbá, bí ó bá jí, ẹ bá mi kí i. Ṣùgbọ́n kí epo rẹ̀ má sún mọ́ iná mi o, mo bẹ̀ yín."

Frederick ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó sì pe Mukhtar lórí fóònù. Mukhtar ni mẹkáníìkì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láti òwúrọ̀.

"Bàbá, ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì?"

"Mo ti yọ ọ́."

"Ẹ ti fẹ́ atẹ́gùn sí i?"

"Mo ti fẹ́ ẹ."

"Ẹ ti dá a padà?"

"Mo ti dá a padà. Kò dún."

Mukhtar ronú díẹ̀. "Ẹ tún yọ ọ́."

Bọ́dúnrìn bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá rẹ̀ yọ pílọ́ọ̀gì. Láti ibi tí wọ́n wà, bí ènìyàn bá na ọrùn díẹ̀, yóò rí ṣóńṣó ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín dé kí ẹni tí ń jẹ ẹ̀bà tó fọwọ́.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n máa fi ẹsẹ̀ lọ. Mo ń wo ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ yẹn."

"Kí ọkọ ìyàwó fi ẹsẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí ń ka mítà? Kí ni wọn yóò sọ?"

"Wọn yóò sọ pé ọkọ ìyàwó dé."

"Bọ́dúnrìn." Frederick gbé orí sókè láti inú ẹ́ńjìnnì. "Ẹsẹ̀ ni mo fi rin gbogbo ìlú yìí, kí ìwọ má baà fi rìn ín lónìí."

Ọmọ náà tún tẹ̀ba síbi pílọ́ọ̀gì.

Àkókò ń lọ. Frederick rántí ẹ̀bẹ̀ àna rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Ó yẹ kí ó pe Bàbá Fáṣínà, ṣùgbọ́n ariwo fèrè kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn, àti pé kí a má purọ́, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó sọ kò lè gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ó pinnu láti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pé ọkọ̀ ń sinmi, ó wò ó, ojú tì í. Sí àgbà bíi Fáṣínà? Ó pa á rẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti ra ọkọ̀ náà, Frederick Ìgè pinnu láti sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa ti ń ṣe lórí fóònù, láìbìkítà fún àmì ohùn tí wọ́n fi ẹgba kọ́ wa ní kékeré, báyìí ni ó kọ ọ́:

E jowo ana mi, e ma binu. Oko ti ko. A n gbiyanju lori re. Bi o ba gba, a o maa bo.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé: A ti gbo. Ko buru.

Frederick mí kanlẹ̀. Ó fi fóònù han Bọ́dúnrìn. "Wo ọmọlúàbí ènìyàn! Ó ní kò burú." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ra bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ Sàúdátù, ó bù ú sí méjì, ó fún Bọ́dúnrìn ní apá kan, wọ́n sì tún yọ pílọ́ọ̀gì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú yàrá kékeré tí ìyàwó àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń dúró, Bàbá Fáṣínà wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè ketekete bí ẹni ń ka èsì ìdánwò.

"Ọkọ ti kọ̀."

Ìkẹ́olúwa wá àga, ó jókòó. Bàbá Fáṣínà kà á dé òpin: wọ́n ń gbìyànjú lórí rẹ̀, bí ó bá gbà, wọn yóò máa bọ̀.

"Bóyá oko ni," ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan wí. "Bóyá nǹkan ṣe oko wọn ní Ìbẹfun."

"Oko wo ni ó ń kọ̀?"

Ìyá àgbà kan ní igun yàrá ní ọ̀nà kẹta wà tí a lè gbà pe ọ̀rọ̀ náà, pé òun sì mọ ọkọ ìyàwó tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n yára dí i lẹ́nu kí ó tó pè é.

Mofẹ́olúwa gba fóònù, ó pe Bọ́dúnrìn. Fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, nínú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, nínú àpò ọ̀rẹ́ tí Bọ́dúnrìn fi í pamọ́ sí lọ́wọ́ láti àná nítorí ìsìn. Èyí ni ó wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá.

"Ó ti ju fóònù rẹ̀ nù!" ni Ìkẹ́olúwa kígbe. "Ti tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí a pe bàbá rẹ̀," ni Mofẹ́olúwa bẹ̀bẹ̀.

"N kò ní tọrọ ọkọ fún ọmọ mi," ni Bàbá Fáṣínà dáhùn. Ó tẹ èsì tí a ti rí yẹn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí ó ń tẹ̀ ẹ́ ì bá mọ irú "kò burú" tí ó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n bá ọmọ òun tú aṣọ ìbòjú, kí wọ́n sì lọ sọ fún alùfáà.

Ibi tí wọ́n ti ń fa pínnì yọ ni Matilda ti wọlé pẹ̀lú ṣíbí ìrokà lọ́wọ́. Wọ́n na fóònù sí i. Ó kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Bọ́dúnrìn, ẹ ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, sà. Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ ni ó kọ̀! Ìyáálé mi ni, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá Fáṣínà bọ́ awò ojú. "Ìyáálé yín? Àna mi ní ìyàwó mìíràn nílé?"

"Rárá, sà, ìyáálé mi náà ni ọkọ̀."

"Ìyáálé yín ni ó wá jẹ́ ọkọ?" ni ìyá àgbà béèrè, ojú rẹ̀ sì tàn.

Matilda rí i pé bí òun bá ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ ń di èyí tí wọ́n lè gbé lọ sí kóòtù. Ó jáde síta, ó sì pe Frederick.

"Bàbá Bọ́dúnrìn, ẹ fi Ìyáálé sílẹ̀ lójú títì kí ẹ máa bọ̀ báyìí-báyìí! Ẹ ti sọ fún àna yín pé ọkọ ìyàwó kọ̀. Wọ́n ti ń tú ìbòjú ọmọ olọ́mọ!"

"Ṣùgbọ́n ó ní kò burú."

"Kò burú wo? Ẹ gbọ́ bó ṣe pè é?"

Bọ́dúnrìn kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹni tí ó sáré ní Fọlágbadé lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọkọ̀. Ó gba àárín àwọn ọ̀kadà, ó fo kòtò, kóòtù tí ó dì mú ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, Frederick sì ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ mítà ti kọ́ ní ọ̀nà gbogbo ìlú náà. Nígbà tí Bọ́dúnrìn wọ yàrá náà, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mofẹ́olúwa wo ọwọ́ náà.

"Pílọ́ọ̀gì?"

"Pílọ́ọ̀gì."

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní ti Mofẹ́olúwa, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Frederick wọlé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Bàbá Fáṣínà dìde.

"Àna mi, mo rí i pé ọkọ ti dé. Ohun tí n kò mọ̀ ni bóyá wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé. Ẹ kọ ọ́ níhìn-ín pé ẹ ń gbìyànjú lórí rẹ̀. Bí ọkùnrin bá kọ̀ láàárọ̀ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, n kò ní fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́. Mo ti rí irú rẹ̀. Ẹ mú mi lọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ọkọ̀ tí ó kọ̀."

Wọ́n ní kí akọrin máa kọrin. Àwọn àgbàlagbà méjèèjì jáde, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Fọlágbadé. Ìyáálé wà níbi tí wọ́n fi í sí, àwọn ọkọ̀ ń yà á lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n sì ń ṣépè bí wọ́n ti ń kọjá. Bàbá Fáṣínà yí i ká lẹ́ẹ̀kan.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ní gbogbo ọdún tí Frederick ti fi ń gbàdúrà lórí ọkọ̀ náà, ohun kan ṣoṣo ni ó ti ń tọrọ: kí ó ṣáà dún. Bí ó ti ń na kọ́kọ́rọ́ sí àna rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn pé lónìí nìkan, nítorí Bọ́dúnrìn, kí ó má dún. Bàbá Fáṣínà rọra rọ ara rẹ̀ wọ ijókòó rírẹlẹ̀ náà, ó ká aṣọ rẹ̀ jọ, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì náà, tí ó ti tutù wàyí, bú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń dún geere bí ọjọ́ tí Harold gbé e wá. Ọkọ̀ tí ń kọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kọ̀ láti kọ̀.

Bàbá Fáṣínà gbé ojú wo Frederick. Kò tíì bínú. Ohun tí ó wà lójú rẹ̀ burú ju ìbínú lọ.

"Ọkọ̀ tí ó kọ̀ nìyí?"

Nígbà náà ni ohun tí Frederick ti dì sínú láti ìgbà èwe rẹ̀ tú dà. "Ó kọ̀, àna mi! Mo fi Ọlọ́run búra, ó kọ̀! Òní kọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e kúrò lọ́wọ́ òyìnbó. Ó kọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó èmi alára, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gùn lọ. Ó kọ̀ lójò, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Irọ́ ni mo ń pa pé ó ń sinmi. Kò sinmi rí. Ó ń kọ̀ ni!"

"Ohùn ẹ́ńjìnnì yìí kò jọ ti ohun tí ń kọ̀," ni Bàbá Fáṣínà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ló ní kò kọ̀?" Sàúdátù ti dìde nídìí iná rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá alágbádá, ṣé ọkọ̀ yìí lẹ ń sọ? Mo ti bú bàbá yìí láti àárọ̀ débi pé ọ̀fun ń dùn mí! Òun àti ọmọ kan tó múra bíi mínísítà, wọ́n ki orí bọ inú ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wá owó tó bọ́. Ọmọ náà ń wí pé kí òun fẹsẹ̀ lọ, kí òun fẹsẹ̀ lọ, bàbá ní rárá!"

"Ọmọ náà ni ó ń sọ pé kí òun lọ?" ni Bàbá Fáṣínà béèrè kíákíá.

"Kò sọ nǹkan mìíràn. Ó ní òun ń wo ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀ọ̀lì tí mo tà fún wọn pàápàá, kò jẹ tirẹ̀ tán, ọrùn ni ó ń nà lọ síbẹ̀."

Awakọ̀ kan tí ó dá ọkọ̀ dúró láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní òótọ́ ni, pé òun ni òun pè é ní páànù. Ọlọ́kadà kan ní òun pè é ní ohun tí òun kò lè tún sọ níwájú àgbà. Bí wọ́n ti ń jẹ́rìí ni wọ́n ń bú u, bí wọ́n sì ti ń bú u ni ojú Bàbá Fáṣínà ń rọ̀. Frederick dúró láàárín wọn. Gbogbo ẹ̀gàn tí ó ti fi etí dídi gbà ní ọjọ́ ayé rẹ̀ kò dùn létí rẹ̀ tó èyí rí.

"Ẹ wọlé, àna mi," ni Bàbá Fáṣínà wí níkẹyìn. Kò kúrò nídìí sítíárìn. "Ẹ jẹ́ kí a lọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ìbùkún."

Ọ̀nà ti là díẹ̀. Bàbá Fáṣínà, tí kò wa ọkọ̀ kọjá ohun tí òfin wí rí, tẹ epo. Atẹ́gùn gba fìlà rẹ̀, kò wẹ̀yìn wò ó. Ó wa ọkọ̀ náà wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ariwo tí ó pa akọrin lẹ́nu mọ́, ó dá a dúró gan-an ní àárín ẹnu géètì, ó sì bọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ogún ọdún.

Frederick yára bọ́ sí ijókòó tí àna rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ epo kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ìyáálé ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí òun bá jókòó báyìí, tí òun kò gbé ẹsẹ̀, inú rẹ̀ ni ìyàwó àti ọkọ yóò bọ́ sí bí wọ́n bá jáde, gbogbo ìlú yóò sì rí i.

"Àna mi, ẹ pa á, kí ẹ wọlé," ni Bàbá Fáṣínà pè é láti orí àtẹ̀gùn.

"Bí mo bá pa á, kò ní dún mọ́."

Bàbá Fáṣínà yípadà, ó wọlé. Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ohùn alùfáà ti ń béèrè pé ta ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá fún ọkọ ìyàwó. Frederick wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó yí kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀, ìdákẹ́rọ́rọ́ sì bo gbogbo ọgbà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò tuntun, ó sì wọlé lọ dúró ti ọmọ rẹ̀.

Alùfáà, tí wọ́n ti ròyìn ohun gbogbo fún, bi Bọ́dúnrìn lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó gbà láti fẹ́ Mofẹ́olúwa, kí ó lè dá gbogbo ìjọ lójú. Bọ́dúnrìn dáhùn lẹ́ẹ̀mejèèjì pé òun gbà, ó sì pe ohùn ìsàlẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dún dé ẹ̀yìn ilé. Ìkẹ́olúwa ni ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ìsìn parí, Ìyáálé kò dún. Géètì ni wọ́n gbé e dí, nítorí náà kò sí àlejò kan tí ó lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tí ó dúró síta ni ọkọ àti ìyàwó wọ̀, wọ́n sì lọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn ìyókù ká aṣọ olówó iyebíye wọn sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀, alùfáà lápá kan, Ìkẹ́olúwa lápá kejì, Frederick àti Matilda láàárín. Bàbá Fáṣínà nìkan ni kò tì í. Ó ti padà sídìí sítíárìn, ó ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa darí rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń tu ẹṣin nínú. Nígbà tí ó pẹ́, ó bojú wẹ̀yìn.

"Àna mi," ni ó wí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ nǹkan kan fún un, "ṣé ẹ kò ní í fẹ́ ta ọkọ̀ yìí?"

Frederick la ẹnu láti sọ pé kí òun ronú ná.

"Ó ti tà á, sà," ni Matilda dáhùn.